Èsì: Ta là ń dán wò, oògùn ni àbí èèyàn?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín.

Bàbá Akọ̀wé kọ̀wé sí wa lórí àwọn oníṣègùn tó ń wá ẹni tí yóò lo oògùn tuntun kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń sanwó fún ẹni náà. Wọ́n ní "àdánwò ìṣègùn" ni kí á máa pe iṣẹ́ yẹn, "ẹni-àdánwò" ni ẹni tó bá kópa, "owó àdánwò" sì ni owó tí wọ́n bá san. Ìlà tó gbẹ̀yìn ìwé wọn ló bí mi nínú: "Ọ̀rọ̀ parí." Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò tíì parí.

À- tó bẹ̀rẹ̀ "àdánwò" yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dì mú. Ta ni kò mọ̀ pé àdánwò yàtọ̀ sí ìdánwò? Ìdánwò ni akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó ṣe, àdánwò ló dé bá Jóòbù. Bí ọ̀rẹ́ mi bá pè mí pé òun ti wọ inú àdánwò, ẹkún ni n óò kọ́kọ́ bá a sun, n kò ní bi í pé èló ni wọ́n ń san. Ẹ tún wá fi "ẹni" síwájú rẹ̀, ó di ẹni tí ìyà yàn láàyò. Ẹnì kan tilẹ̀ fèsì pé kí á kúkú pè é ní "afaratà". Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Bí kì í bá ṣe ẹ̀fẹ̀, èébú ni.

Kódà bí a bá fi ìdánwò rọ́pò àdánwò, ara mi kò tíì balẹ̀. Dán… wò jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń lanu sílẹ̀ kí àbọ̀ lè wọ àárín rẹ̀: à ń dán ọ̀bẹ wò, à ń dán bàtà wò. Kí ló wà láàárín nínú èyí tí à ń jà sí yìí? Oògùn ni. Èèyàn kọ́. Èèyàn ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí wọ́n lè dán oògùn wò. Nítorí náà, ìdánògùnwò. Ẹni tó bá ní ó gùn jù, kó kọ́kọ́ lọ bá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jà, torí bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá ìyẹn náà nìyí, tí -ni- jókòó pẹ̀sẹ̀ sáàárín tí ẹnikẹ́ni kò pariwo. Bó bá jẹ́ pé èèyàn lẹ fẹ́ dán wò, ẹ pè é ní ìdánniwò, kí gbogbo wa mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Kì í ṣe eré gírámà lásán. Kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni sínú irú iṣẹ́ yìí, wọn yóò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ọjọ́ orí rẹ̀, oògùn tó ń lò lọ́wọ́, àti ìgbà tó lo oògùn ìwádìí mìíràn kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá bá ohun tí wọ́n ń wá mu, wọn yóò ní kó máa lọ sílé. Mo ti gbọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sọ pé òun "fìdí rẹmi". Ìdí wo ló rẹmi? Oògùn náà kò tíì kan ètè rẹ̀! Ọ̀rọ̀ ìdánwò ló kó sí i lórí. Àyẹ̀wò ìwọlé ni n óò máa pe ìyẹn, ìdánògùnwò gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ń sá kúrò níbi tí Bàbá Akọ̀wé fẹ́ kó wa lọ. Ní 2024, nígbà tí Ẹgbẹ́ Oníṣègùn Àgbáyé tún Ìkéde Helsinki ti 1964 yẹ̀ wò, ìyẹn ìlànà wọn lórí ìwádìí ìṣègùn tí à ń fi èèyàn ṣe, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó sọ èèyàn di ohun tí à ń ṣiṣẹ́ lé lórí, wọ́n sì fi èyí tó túmọ̀ sí olùkópa rọ́pò rẹ̀. Olùkópa yẹn náà ni mo fara mọ́.

Ó wá kan owó, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. "Owó àdánwò" kó oríṣi owó mẹ́ta pọ̀ sójú kan. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi ń dá owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn padà; ohun tí olùkópa ti ná ló padà sọ́wọ́ rẹ̀, kò jèrè kankan. Èkejì ni owó àkókò àti ìnira: òru tó sùn sọ́dọ̀ wọn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra. Ìpele kìíní ìdánògùnwò ni èyí ti wọ́pọ̀ jù, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń lo èèyàn 20 sí 100, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kò ní àìsàn tí oògùn náà fẹ́ wò. Ẹ̀kẹta ni owó gbà-má-bìínú bí oògùn bá ṣe olùkópa léṣe. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀, kó rántí London ní 2006. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n fún ní oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ TGN1412, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi wà láàárín ikú òun ìyè, tí ẹ̀yà inú ara wọn ń daṣẹ́ sílẹ̀. Orí kó wọn yọ, kò sí èyí tó kú. Àwọn méjì mìíràn tí wọ́n fún ní òfìfo, èyí tí kò ní oògùn nínú, nìkan ni nǹkan kan kò ṣe. Ṣé orúkọ kan náà ni ẹ wá fẹ́ fi pe owó ọkọ̀ àti owó irú ìpalára bẹ́ẹ̀?

Màmá Nọ́ọ̀sì dábàá pé kí á pe owó náà ní ọ̀yà. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n alágbàṣe ló ń gba ọ̀yà, bó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀, à ń bá a jà. Olùkópa lè kúrò nígbàkígbà láìsọ ìdí. Àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ní ó yẹ kí owó náà máa wọlé díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kó má ṣe jẹ́ pé ẹni tó bá dé òpin nìkan ni yóò rí gbà. Owó àkókò ni mo fọwọ́ mú, bí kò tilẹ̀ dùn tó.

Bàbá tó kọ́ mi ní èdè Yorùbá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, fẹ́ràn láti máa sọ pé oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. N kò mọ ohun tí wọn ì bá sọ sí oògùn tó ń sanwó fún ẹni tó gbé e mì. Ó dá mi lójú ṣá pé "ẹni-àdánwò" kò ní kọjá níwájú wọn.

Ó ku díẹ̀. Òfìfo, ìyẹn hóró tí kò ní oògùn nínú, tí wọ́n ń fún apá kan àwọn olùkópa kí wọ́n lè fi wéra, ẹ pè é ní "ayédèrú oògùn". Ayédèrú ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ mú èèyàn, Bàbá! Ètò tí olùkópa kò ti mọ èyí tí wọ́n fún òun, tí dókítà tó fún un náà kò sì mọ̀, ẹ pè é ní "ìdánwò afọ́jú méjì". Mo rẹ́rìn-ín títí.

ClinicalTrials.gov, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ wá pè ní "ìwé ìforúkọsílẹ̀". Ẹni tó bá ka ìyẹn yóò rò pé orúkọ òun ni kí òun lọ kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ láti 2000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì NCT àti nọ́ńbà mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti kópa lè ṣa èyí tó ṣì ń gba èèyàn sọ́tọ̀, kó tún ṣa èyí tó ń gba àwọn tí kò ṣàìsàn. Pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àkójọ tó o, kí á pè é ní àkójọ. Ẹni tó bá sì ní kí olùkópa kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó gbà á wọlé, ìyẹn kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Gbájúẹ̀ ni.

— Ọmọ Olùkọ́

* * *

Ọmọ Olùkọ́, mo ka tìrẹ. Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń túmọ̀ ìwé. Àwọn àgbà tí mo bá jókòó kò fi à- àti ì- ṣe ìjà. Àfihàn wà, ìfihàn wà. Àtúnṣe wà, ìtúnṣe wà. Ta ni wọ́n nà nítorí ìyẹn?

Fáwẹ́lì kan nínú oògùn dà? O gbé e jù sínú igbó, o ní o ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Òògùn ni wọ́n sì kọ́ wa láti máa kọ, kì í ṣe oògùn. Bí ẹnì kan bá ka tìrẹ láìsí àmì ohùn, ogun ni yóò rò pé a fẹ́ jà.

Ohun tó burú jù nìyí: o ní oògùn ló gbọ́dọ̀ wà láàárín. Ní 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi, pín atukọ̀ 12 tí èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ sí méjì-méjì, ó fún oníkálùkù ní tirẹ̀. Àwọn méjì tó jẹ ọsàn ni ara wọn yá jù. Ìdánọsànwò ni ìyẹn, àbí?

Èmi kọ́ ni mo sọ "afaratà". Kí ẹni tó sọ ọ́ dáhùn fúnra rẹ̀.

— Bàbá Akọ̀wé

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. Bàbá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá ńkọ́? Wọ́n ń dán gbogbo ìwọ̀nyẹn wò, kì í sì í ṣe gbogbo wọn là ń pè ní oògùn.

N kò yọ ọ̀yà mi kúrò. Ẹni tó dùbúlẹ̀ láti òru mọ́jú, tí à ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, iṣẹ́ ló ń ṣe. Èmi ni mo ń fà á, ẹ̀yin kọ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀yin méjèèjì fo èyí tó ń dùn mí. Ìwé tí olùkópa ń fọwọ́ sí kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ "ìwé àdéhùn" sórí rẹ̀. Àdéhùn máa ń de tọ̀tún-tòsì. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i, bí inú bá ń run ún tó sì fẹ́ máa lọ sílé, yóò rò pé òun ti yẹ àdéhùn, yóò dákẹ́ síbẹ̀. Ìyọ̀ǹda ni ohun tí Òfin Nuremberg ti 1947, ìlànà lórí ìwádìí tí à ń fi èèyàn ṣe, fi ṣáájú, kò sọ pé àdéhùn. Ìwé ìyọ̀ǹda ni kó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ó tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde?

— Màmá Nọ́ọ̀sì