Ọkọ̀ tó ń mu epo méjì: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Láti Tanke, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Chevrolet Impala tòkunbọ̀ ni mò ń wà. Ìdérí táńkì rẹ̀ yẹ́lò, wọ́n sì kọ E85 sí i lára. Ẹni tó tà á fún mi ní ọ̀ṣọ́ lásán ni. Mẹkáníìkì kan nítòsí Gáréèjì Ọ̀ffà ló là mí lóye: ọkọ̀ náà lè mu bẹntiróòlù, ó lè mu E85, ìyẹn bẹntiróòlù tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó 85 nínú 100 (ẹ́tánọ́ọ̀lù ni ọtí líle tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe ní Amẹ́ríkà), a sì lè po méjèèjì pọ̀ nínú táńkì kan náà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023 ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ilé epo kan tó ń ta E85 nílùú yìí. Ta ló ti fi rìn rí nínú yín?

Láti Òmù-Àrán

Èmi ti fi rìn, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kì í ṣe nílé. São Paulo ni mo ti kàwé, ní Bràsíìlì. Ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Epo rọ̀bì tó gbówó lórí ní 1973 ló lé wọn débẹ̀; nígbà tó di 1975, ìjọba wọn gbé ètò Proálcool kalẹ̀, pé kí ọkọ̀ máa fi ẹ́tánọ́ọ̀lù rìn. Ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nígbà náà ń mu, nítorí náà nígbà tó di ọ̀wọ́n gógó ní nǹkan bí 1989, ojú àwọn onímọ́tò rí màbo. Ìdí nìyí tí mo fi ka Gol Total Flex, ọkọ̀ tó ń mu epo méjèèjì tí Volkswagen gbé jáde níbẹ̀ ní 2003, sí ohun ńlá: onímọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń yan èyí tó fẹ́.

Wọ́n ní ìṣirò kan níbẹ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Agbára lítà ẹ́tánọ́ọ̀lù kan fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti bẹntiróòlù. Bí owó rẹ̀ bá ti kọjá ìdá 70 nínú 100 owó bẹntiróòlù, bẹntiróòlù ni wọn yóò rà. Bó bá wálẹ̀, wọ́n á yí padà. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé mi káàkiri á ti ṣe é tán lọ́kàn kó tó dé ìdí páńpù. Òórùn èéfín rẹ̀ tilẹ̀ dùn.

Láti Ọ̀ffà

Mẹkáníìkì ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ọ̀rọ̀ yìí da ògógóró sí táńkì! Oníbàárà kan ti bi mí rí. Omi ló pọ̀ jù nínú ògógóró. Ọkọ̀ tí wọn ò sì ṣe fún un, ẹ́tánọ́ọ̀lù púpọ̀ á jẹ rọ́bà rẹ̀, á jẹ alumíníọ̀mù rẹ̀, á sì máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún un, páńpù rẹ̀ yàtọ̀, ọ́ọ̀sì rẹ̀ yàtọ̀, bréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń mọ irú epo tó wọlé kó tó pinnu iye tí yóò fọ́n sínú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ rántí oṣù Kejì 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà. Mo rí páńpù tó bàjẹ́ nígbà yẹn, àánú àwọn oní-káàbù ṣe mí gan-an. Májèlé ni mẹ́tánọ́ọ̀lù, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹ́tánọ́ọ̀lù. Kí ẹ tó gbà pé ọkọ̀ yín ń mu méjèèjì, ẹ wo àmì ara rẹ̀, kí ẹ sì yẹ àmì kẹjọ nínú nọ́ńbà ṣásí wò: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ náà.

Láti Ìgbàjà

Ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn. Nàìjíríà ló ń kórè rẹ̀ jù lágbàáyé, ìjọba sì ti gbé ìlànà epo ohun ọ̀gbìn jáde láti 2007, pé kí a máa po ẹ́tánọ́ọ̀lù 10 nínú 100 mọ́ bẹntiróòlù. Ìyàwó mi ní kí n bi yín: bí mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀gẹ́, èló ni mùdù gàrí yóò dà? Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù. Síbẹ̀, lọ́dún tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀, owó rẹ̀ kì í tó owó àwọn tó ń hú u. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á fún ẹ́tánọ́ọ̀lù ní Kwara wa yìí, kó jọ̀wọ́ sọ fún mi. Tèmi ti tó hú.