Ọmọ mi ò fẹ́ kàwé rárá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá tó béèrè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 6, tí n bá ti mú ìwé jáde báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, òǹgbẹ á máa gbẹ ẹ́, oorun á dé. Lánàá mo ní kó ka "bàtà", ó ní "bí, a, tí, a", ó wo àwòrán, ó ní "ẹsẹ̀". Mo pariwo mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún, èmi náà ò sì rí oorun sùn. Ọmọ yìí lè sọ̀tàn látàárọ̀ dalẹ́ o, orí ẹ̀ pé. Kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọmọ yẹn ò ya ọ̀lẹ o. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ ná, "bí, a", ẹ pè é pọ̀ kíákíá, ṣé ó lè di "ba" láéláé? Orúkọ lẹ́tà ló mọ̀, kò tíì mọ ìró wọn, ohun tó ń pè ò wá jọ nǹkan kan létí ẹ̀, ló fi sá lọ wo àwòrán. Ẹ pa orúkọ lẹ́tà tì ná. Ẹ gé páálí wẹ́wẹ́, ẹ kọ "ba" sí méjì, "ta" sí méjì, kó máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó fọwọ́ ara ẹ̀ tò ó: baba, bata, tata. Ọmọ kan tí mo kọ́, ọjọ́ tó to "tata" fúnra ẹ̀, àpò ṣòkòtò ló kó páálí náà sí, kò jẹ́ kẹ́nì kankan gbà á. Ìṣẹ́jú 10 ti tó lóòjọ́, kẹ́ ẹ dúró nígbà tó ṣì ń wù ú. Àmì ohùn lè dúró dìgbà míì.

Bàbá ọlọ́mọ méjì:
Mo fara mọ́ ti olùkọ́ àfi ti àmì ohùn yẹn. Dò-re-mí gan-an ló fa tèmi mọ́ra, ìgbà tó rí i pé àmì kékeré kan ló sọ bàtà ẹsẹ̀ di ìlù bàtá, ó ń wá àmì kiri inú ìwé ni. Mo sì máa ń kàwé fún un lálaalẹ́, ìka mi á máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀, kódà tó bá jẹ́ ìwé kan náà ló ní kí n kà nígbà 20, màá kà á. Nígbà tó yá tí n bá fo ọ̀rọ̀ kan, òun ló ń dá mi padà.

Ìyá míì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ yẹ ojú àti etí ẹ̀ wò. Tèmi ò rí lẹ́tà kéékèèké, a sì ti nà án nítorí ìwé ká tó mọ̀, ó ṣì ń dùn mí dòní. Tó bá tún ń pe b ní d, ẹ má foyà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe é títí wọ́n fi ń pé ọdún 7.

Ìyá tó béèrè:
Mo ń pe "bí, a" níbi tí mo jókòó sí yìí, òótọ́ mà ni! Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ń gé páálí, ó ti wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe.