Ọjọ́ tí àbẹ́là dójú tì mí: ìrírí àwa tí à ń fi ìda oyin ṣòwò ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ìyá Àbẹ́là, Mọ̀rè, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọbìnrin kan bi mí lánàá bóyá èrè wà nídìí àbẹ́là ìda oyin, ó fẹ́ fi owó àjọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó má tíì ná kọ́bọ̀, kó jẹ́ kí àwa tí ojú wa ti rí i kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi ni n ó ṣíde. Ẹ̀yin náà ẹ má fi tiyín pamọ́.

Oyin ni mò ń tà tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ti fún oyin tán, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń da afárá tó kù sí, eèrà á sì bò ó. Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló rí i lọ́jọ́ kan tó lọgun pé, "Mọ́mì, owó lẹ dà sílẹ̀ fún eèrà yìí o!" Ó ní abẹ́ ikùn kòkòrò oyin ni ìda ti ń jáde bí ìpẹ́ tín-ín-rín, pé oyin tí wọ́n á jẹ kí wọ́n tó ṣe kílò ìda 1 lè tó kílò 6 sí 8. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo afárá bí ẹni ń wo wúrà.

Ọdún 2021 ni mo kọ́kọ́ dá a wò. Ìkòkò irin tí ìyá mi fi ń se àdín ni mo fi yọ́ ọ. Irin máa ń ba àwọ̀ ìda jẹ́, n kò mọ̀. Ìda tó yẹ kó pọ́n bí ìyeyè wá rí bí omi àgbàrá. Mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú asẹ́ ògì, mo fi òwú ìránṣọ sí àárín, mo tan ọ̀kan nínú yàrá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó jó. Mo ní mo ti di ọ̀gá.

Ìdílé kan ní Parakin ń ṣe àádọ́rin ọdún ìyá wọn ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí n ṣe 40 tí wọ́n á gbé sórí tábìlì. Wọ́n tan gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n pa iná gbọ̀ngàn kí ìyá lè wọlé. Ó rẹwà, àwọn ènìyàn ń yà á sí fóònù. Kí ìyá tó jókòó, méjì ti kú. Kí wọ́n tó ṣe àmín àdúrà, bíi mẹ́wàá ti kú, àwọn yòókù ń ta pàràpàrà, wọ́n ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Olùdarí ètò gba makirofóònù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tan iná, kí àbẹ́là lè ríran délé." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì ni mo wà, mò ń bẹ ilẹ̀ kó lanu.

Wọn ò béèrè owó wọn padà. Èyí gan-an ló dùn mí jù.

Mo kó àwọn tó kú wálé, mo fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì. Níbi tí iná dé kó tó kú, ohun dúdú kan rọ̀ mọ́ òwú bí oje. Ìdọ̀tí afárá ni, àti oje igi tí oyin fi ń dí ihò ilé wọn. Ẹ wò ó, kì í ṣe òwú ni iná ń jẹ o. Ìda tó yọ́ tí òwú fà sókè ni oúnjẹ rẹ̀. Bí òwú bá dí, ebi ló pa iná. Òwú ìránṣọ sì tún tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún àbẹ́là tó nípọn bẹ́ẹ̀. Ó kàn gbẹ́ kànga sí àárín, ó rì sínú rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: n ó di afárá sínú àpò aṣọ, n ó gbé òkúta lé e kó má léfòó, n ó fi omi òjò sínú ìkòkò tí kì í dípẹtà, n ó sì dá iná jẹ́jẹ́ sí i. Ìda á gba ojú aṣọ jáde. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dì lójú omi bí kéèkì, ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, n ó fi ọ̀bẹ ha á. N ó tún un yọ́, n ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo bá fẹ́ dà á, inú agolo ni ìda á wà, agolo á wà nínú omi gbígbóná, kò gbọdọ̀ kan iná. Láàárín 62 sí 64°C ni ìda oyin ń yọ́. N ó jẹ́ kó lé díẹ̀ ní 70. Tó bá fi kọjá 85, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, òórùn oyin náà á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Òwú, ìyá kan ló ń ràn án fún mi. Mẹ́ta ni mò ń dì pọ̀, n ó kọ́kọ́ rì í bọ ìda, n ó nà án kó gbẹ gbọnrangandan.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín: ọpá ewé ìbẹ́pẹ ni mo fi ń ṣe àwọn tó gùn. Ihò ti wà nínú rẹ̀ látọ̀dọ̀ Ọlọ́run. N ó gé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí omi ara rẹ̀ fà (tútù rẹ̀ máa ń mú kí ìda ta), n ó fi amọ̀ dí ìdí, òwú á gba àárín, n ó so ó mọ́ igi ọwọ̀ kan lókè. Tó bá dì, n ó bó èèpo rẹ̀ bí ẹni bó ìrèké. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà lára rẹ̀, àwọn oníbàárà rò pé ọnà ni mo fín sí i. N kò tíì já wọn sí i.

Ifẹ̀ kì í kúkú ṣe àlejò ìda. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ wọ́n, wọ́n fi amọ̀ bò wọ́n, wọ́n yan án níná kí ìda ṣàn jáde, kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ síbi tí ìda ti kúrò. Tí ìda gbígbóná bá ti ta sí mi lọ́wọ́, mo máa ń rò ó pé ó ti ta sí àwọn náà rí.

Ó kàn yín o.

Ọmọ Olóyin, Iléṣà

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ti òwú dídí yẹn, a jọ mu nínú omi kan náà ni.

Òru ni bàbá mi máa ń lọ fa oyin, pẹ̀lú ìtùfù. Wọ́n á ti iná bọ ihò igi, oyin á jóná, ọmọ wọn á jóná, ìdajì afárá á di èédú. Oyin náà á máa rùn bí ẹran yíyan. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà, ìda dúdú ni mò ń rí, kò sẹ́ni tó rà á. Àpótí tí oyin ń gbé inú rẹ̀ ni mo ń lò báyìí, èéfín nìkan ni mo ń fẹ́ sí wọn, ìda mi sì pọ́n.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àbẹ́là dójú tì mí kọ́ nìyẹn. Lọ́dún kan, ìda mi kò tó, mo ra kílò 10 lọ́wọ́ ẹnìkan nínú ọjà. Owó rẹ̀ rẹlẹ̀ ju iye tí mo mọ̀ lọ, ó yẹ kí ara fu mí. Mo ṣe é tán, mo kó o fún oníbàárà tí mo ti bá búra pé ìda oyin pọ́ńbélé ni. Ó tàn án, ó ní, "Bọ̀dá, òórùn oyin dà?" Ìda tí wọ́n ń rí lára epo rọ̀bì ni wọ́n dà mọ́ ọn, wọ́n sì pa á láró. Mo dá owó padà.

Ẹ gbọ́ bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ fọ́ ọ nígbà tó bá tutù. Ojú ibi tí ìda oyin ti fọ́ máa ń rí hóró-hóró bí gààrí, kì í dán. Èyí tó lábùlà á máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbo ó kó móoru, kí ẹ gbé e símú. Imú kì í purọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣòwò, Òpá, Ilé-Ifẹ̀

Yàrá kan ṣoṣo ni mò ń gbé. Mo gbé agolo ìda ka gáàsì láìfi omi sábẹ́, ìkánjú ni. Oníbàárà kan wá ń ná mi lórí WhatsApp, mo jókòó tì í, mò ń tẹ fóònù. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, èmi kò sùn o, fóònù ni mò ń tẹ̀. Nígbà tí n ó fi gbójú sókè, èéfín funfun ti gba gbogbo àjà. Kí n tó dìde, agolo gbiná.

Omi ni ọwọ́ mi lọ bá. Ẹ̀yin ará, ẹ má dán an wò láyé yín. Omi wọ abẹ́ ìda, ó di ooru lójijì, ó gbé ìda tó ń jó fò dé òrùlé. Kọ́tíìnì jó, irun iwájú orí mi jó, òórùn bí ìgbà tí wọ́n ń wi ewúrẹ́. Ẹni tó wà ní yàrá kejì ló sáré wọlé, ó pa gáàsì, ó fi ọmọrí ìkòkò dé agolo mọ́lẹ̀. Fẹ́ẹ́, iná kú. Ọmọrí ìkòkò lásán!

Oníbàárà yẹn kò rà á mọ́.

Ẹ̀kejì, kékeré ni. Mo rò pé bí mo bá gé ewé tíì gbígbẹ sínú ìda, òórùn dídùn á jáde. Ewé náà gbiná bí òwú kejì, gíláàsì là sí méjì lórí tábìlì. Mo ti fi òórùn sílẹ̀. Ti oyin tó.

Màmá Aláṣọ Funfun, Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

Oníbàárà lèmi, n kì í ṣe àbẹ́là tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ má bínú. Àwa tí à ń tan àbẹ́là lójoojúmọ́ nínú ìjọ, funfun ni a ń fẹ́, tàbí aláwọ̀ tí wọ́n bá pè, a sì ń tan púpọ̀. Mo ra ti ọ̀kan nínú yín, owó ẹyọ kan ra páálí kan èyí tí à ń lò. Lóòótọ́ ó pẹ́, kò rùn, kò sì mú kí ògiri dúdú. Ṣùgbọ́n ó pọ́n! Wòlíì bi mí pé ta ló ní kí n gbé èyí wá.

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ Àgùdà ló dùn mọ́. Ó gba ìdajì lọ́wọ́ mi, ó ní ìda oyin làwọn mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ fún àbẹ́là ńlá Àjíǹde. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Ọmọ Òṣómàáló, Iléṣà

Màmá, ẹ ṣeun. Tèmi kò ju ọ̀rọ̀ àwìn lọ.

Kí owó lè dínkù, mo da òrí mọ́ ìda, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo gbé 60 fún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bùn kan, pé tí wọ́n bá tà á tán kí wọ́n san owó. Ojú fèrèsé ni wọ́n tò ó sí, kó lè wu ojú. Oòrùn ọ̀sán sì ń wọlé tààrà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo lọ béèrè owó. Ọ̀gá ní kí n wá wo ọjà mi. Gbogbo wọn ti tẹrí ba, ẹ ó rò pé wọ́n ń gbàdúrà ni. Àwọn kan dì mọ́ra wọn bí ìbejì. Òrí kò lè fara da oòrùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn bàbá wa tó ń ru aṣọ kiri tà láwìn, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, ìyẹn ni wọ́n fi ń jẹ́ òṣómàáló. Èmi náà lọ lóṣòó. Mo lóṣòó láti àárọ̀ dé ìyálẹ̀ta. Owó 22 tí wọ́n ti tà kó tó tẹ̀ ni wọ́n san, wọ́n sì fún mi ní omi tútù. Mo kó ìyókù sínú àpò, mo padà lọ yọ́ ọ.

Ìyá Àbẹ́là

Mo ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Ọmọ Òṣómàáló, ìda nìkan ni kí ẹ máa lò bí yóò bá dá dúró. Ẹ fi òrí sínú èyí tó bá wà nínú gíláàsì, níwọ̀nba.

Màmá Aláṣọ Funfun, ọ̀rọ̀ yín wọlé. A lè sọ ìda di funfun díẹ̀ láìfi kẹ́míkà sí i: ẹ bó o wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ sá a lórí aṣọ nínú oòrùn, kí ẹ máa yí i padà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, ẹ sì ní láti ṣọ́ ọ kó má yọ́. N ó ṣe mẹ́fà fún yín, kí Wòlíì wò ó.

Ọmọbìnrin tó béèrè, ìdáhùn mi rèé: oyin ló ń bọ́ mi. Àbẹ́là ń san owó iléèwé ọmọ mi kan, Oṣù Kejìlá àti àsìkò Àjíǹde ló sì máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Má fi gbogbo owó àjọ rẹ sí i. Ra afárá kílò márùn-ún, yọ́ ọ, kó o wo iye ìda tí wàá rí níbẹ̀. Wàá pariwo.

Ìbéèrè tèmi náà rèé. Ìyá tó ń ran òwú fún mi ní kí n máa wá ẹlòmíì, ojú òun kò rí òwú mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo ti yí gbogbo Ọjà Tìtun po, òwú wíwẹ́ ni wọ́n ń tà. Ta ló mọ ẹni tó ṣì ń fi ọwọ́ ran òwú lágbègbè wa, yálà ní Mọ́dákẹ́kẹ́ tàbí lọ́nà Iléṣà?