Ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó: ìwé wo ló máa fi hàn pé ọmọ Benin ni?

Ìyá Ṣadé, Kétu (ní Benin):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ọmọ ọdún 9 ni. Èkó ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà títí di òní. Bàbá yìí, ọmọ Kétu pọ́nńbélé ni. Ìyá jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà. Ìwé kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa ni ìwé ìbí tí National Population Commission fún wọn ní Nàìjíríà. Ilé-ìwé ń béèrè acte de naissance (ìwé ìbí ti Benin) àti NPI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti Benin. Ọkùnrin kan ní kí n mú owó wá, òun á bá wa gba jugement supplétif, ìyẹn ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ń dípò ìwé ìbí, tó máa sọ pé Kétu níbí ni wọ́n bí i sí. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Alákétu:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i ni jugement supplétif wà fún. Ti ọmọ yìí ti wà nínú ìwé ní Nàìjíríà. Tí ẹ bá tún kọ ọ́ sí Kétu, ibi ìbí méjì ló máa ní. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba páàsípọ́ọ̀tù, ìwé méjèèjì á máa ta ko ara wọn, ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀.

Kì í ṣe dandan kó jẹ́ Kétu ni wọ́n bí i sí. Òfin ìjẹ́-ọmọ-ìlú ti 2022 sọ pé ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Benin, ọmọ Benin ni, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Ìwé bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ṣé ó ní certificat de nationalité, ìwé tó fi hàn pé ọmọ Benin ni?

Àwẹ̀ró Ṣábẹ̀ẹ́:
Òótọ́ ni. Abidjan ni wọ́n bí ọmọ tèmi sí, consulat (ọ́fíìsì aṣojú ìjọba) Benin níbẹ̀ la sì gbà kọ ọ́ sínú ìwé Benin. Wọ́n gba ìwé ìbí ọmọ, ìwé ìbí àwa òbí, ìwé ìgbéyàwó àti certificat de nationalité bàbá rẹ̀. Tiwa ti wà ní èdè Faransé. Tiyín wà ní Gẹ̀ẹ́sì, traducteur assermenté (ògbufọ̀ tó ti búra níwájú ilé-ẹjọ́) gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ dáadáa o! Níhìn-ín, Adjibadé la ń kọ. Ní Èkó, Ajibade ni wọ́n máa kọ. Tí ti bàbá bá yàtọ̀ sí ti ọmọ, wọ́n á ní kí ẹ fi ẹ̀rí hàn pé ẹnì kan náà ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí kí ẹ tó náwó kankan.

Ìyá Ṣadé:
Ọlọ́run á bù kún yín. Acte de naissance bàbá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, àmọ́ kò gba certificat de nationalité rí. Ìdána nìkan ni wọ́n ṣe, wọn ò lọ sí mérì (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) láti gba ìwé ìgbéyàwó.

Bàbá Àjàṣẹ́:
Ìyá Ṣadé, ilé-ẹjọ́ Pobè ló ń rí sí ọ̀rọ̀ Kétu. Ibẹ̀ ni kí bàbá ọmọ ti gba certificat tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó lọ sí consulat Benin ní Èkó pẹ̀lú ìwé ìbí ọmọ. Nígbà tí ìwé ìgbéyàwó ò sí, kí ó yọjú fúnra rẹ̀, kó sọ níwájú wọn pé òun ló bí i, kó má rán ẹnikẹ́ni. Kí ó sì bi wọ́n bóyá ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìbí náà. Tí acte bá ti jáde, ANIP, àjọ tó ń rí sí ìdánimọ̀ àwọn èèyàn ní Benin, lẹ máa bá lọ fún NPI.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé Nàìjíríà yẹn sọnù. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni ìyá rẹ̀: òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ka ọmọ náà sí ọmọ tiwọn látìgbà ìbí, ó sì lè jẹ́ ọmọ ìlú méjèèjì. Ẹ máa fi fọ́tókópì sílẹ̀ fún wọn, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ṣadé:
Mo ti pe àbúrò mi. Ó ní òun ń bọ̀ wá sílé lọ́sẹ̀ yìí, a jọ máa lọ sí Pobè. Mo ti sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́.