Ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlú Ọba

Ìbéèrè láti Leeds

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ní ẹ̀yìnkùlé tó gba ebè mélòó kan, mo sì fẹ́ gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀, ewúro, ilá àti ata rodo síbẹ̀, nítorí pé ewédú dídì tí à ń rà nínú ọ̀rá kì í yọ̀ bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Oṣù wo ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀? Ṣé mo lè ní kí ìyá mi fi irúgbìn ránṣẹ́ láti Ìbàdàn?

Èsì láti London

Ẹ kú oríire ilé tuntun. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kàn ni pé ooru inú ilẹ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe oòrùn ojú ọ̀run. Nínú oṣù Kẹrin, oòrùn lè ràn débi pé èèyàn yóò bọ́ ẹ̀wù òtútù, síbẹ̀ ilẹ̀ ṣì tutù, ìrì dídì (frost) òru kan ṣoṣo sì tó láti pa gbogbo ohun tí ẹ gbìn. Ní gúúsù England níbí, ìrì dídì sábà máa ń dáwọ́ dúró ní àárín oṣù Karùn-ún. Lọ́dọ̀ yín lápá àríwá, ẹ dúró di ìparí oṣù náà, àwọn ará wa tó wà ní Scotland sì lè dúró wọ oṣù Kẹfà. Inú ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ohun tó bá fẹ́ àsìkò gígùn.

Ata rodo ló ń pẹ́ jù, òun ló sì gbọdọ̀ ṣáájú. Ní oṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì, ẹ gbin kóró rẹ̀ sínú ìkòkò kéékèèké, kí ẹ gbé e sí ibi tí ooru rẹ̀ tó 25°C sí 30°C, kí ẹ sì ní sùúrù, nítorí ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó hù. Gbàrà tó bá ti hù, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Ẹ gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, ẹ sì máa yí ìkòkò náà kí igi rẹ̀ má baà tẹ̀ sápá kan. Nígbà tó bá dàgbà, ẹ ṣí i lọ sínú ìkòkò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kó sì máa gbé inú rẹ̀ títí, kí ẹ lè máa gbé e wọlé nígbà òtútù. Bí ó bá tanná nínú ilé níbi tí oyin kò lè dé, ẹ máa fi ìka gbọn òdòdó rẹ̀ jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, púpọ̀ nínú wọn yóò rẹ̀ dànù láìso. Láti ìgbà tó bá ti ń tanná, ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń tà fún tòmátì ni kí ẹ máa fún un, nítorí potash tó wà nínú rẹ̀ ń ran èso lọ́wọ́. Ajílẹ̀ tí nitrogen pọ̀ nínú rẹ̀ yóò kàn fún yín ní ewé rẹpẹtẹ láìsí ata. Ẹ má hú igi náà dànù nígbà tí òtútù bá dé. Ẹ gé e kù díẹ̀, ẹ gbé e wọlé, ẹ bomi sí i níwọ̀nba, yóò sì tètè so lọ́dún kejì.

Ní ti ewédú, èèpo kóró rẹ̀ le, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rò pé irúgbìn tí wọ́n rà ti kú. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́ tó mọ́, ẹ rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, kí ẹ sì yára fi omi tútù pa ooru rẹ̀. Báyìí náà ni àwọn àgbẹ̀ ilé ṣe ń ṣe é. Nítorí pé kóró náà kéré, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, ẹ má sì bò ó jìn. Ẹ fọ́n ọn sínú ilé ní ìparí oṣù Kẹrin, kí ẹ tó ṣí i lọ síta ní oṣù Kẹfà nígbà tí ilẹ̀ bá ti móoru tó nǹkan bí 20°C. Kí ẹ tó gbìn ín síta pátápátá, ẹ máa gbé e jáde lọ́sàn-án, ẹ máa gbé e wọlé lálẹ́, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí afẹ́fẹ́ má baà ba ewé rẹ̀ jẹ́. Ewédú máa ń tanná nígbà tí ọ̀sán bá kúrú, ọ̀sán tiwa níbí sì ju wákàtí 16 lọ nínú oṣù Kẹfà. Ewé ni yóò máa yọ ṣáá. Bí ó bá ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ kù, yóò sì tún pẹ̀ka.

Tẹ̀tẹ̀ kò ní wàhálà. Ẹ fọ́n ọn síta tààrà ní ìparí oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà, ẹ ó sì máa já a láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọdún àkọ́kọ́ yín dùn, òun ni kí ẹ gbìn jù. Ewúro àti efínrín, inú ìkòkò ni kí wọ́n máa gbé, nítorí ìrì dídì kì í dá wọn sí. Ilá ní ìta gbangba ní Leeds kò mú èrè wá lójú tèmi, àfi bí ẹ bá ní ilé onígíláàsì tàbí ilé oníọ̀rá.

Ẹ má jẹ́ kí Màmá kó irúgbìn sínú àpò ẹni tó ń bọ̀. Irúgbìn tí a fẹ́ gbìn gbọdọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìjọba láti ilẹ̀ tó ti wá pé kò ní àrùn tàbí kòkòrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó wà nílẹ̀ níbí: molokhia ni àwọn ará Íjíbítì ń pe ewédú, orúkọ yẹn ló sì wà lára páálí rẹ̀, tẹ̀tẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ará Jàmáíkà gẹ́gẹ́ bíi callaloo. Kóró ata rodo tó pọ́n dáadáa tí ẹ rà lọ́jà náà yóò hù.

Ohun kan kù tí n kò lè ṣàìsọ. Ilẹ̀ àwọn ilé àtijọ́ nínú ìlú ńlá lè ní òjé (lead), tó jẹ́ májèlé, nínú, láti inú ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé àti láti inú èéfín ọkọ̀ nígbà tí epo bẹntiróòlù ṣì ní òjé. Bí ilé yín bá ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò, tàbí kí ẹ fi pákó ṣe ebè gíga, kí ẹ sì ra erùpẹ̀ mìíràn sínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ló máa ń jẹ ìyà òjé jù.

Èsì láti Houston

Tiwa níbí ní Texas, ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí tiyín. Ewédú àti ilá ń hù níta láti oṣù Kẹrin láìsí ìnira, ewúro sì máa ń sọ láti ìdí rẹ̀ lẹ́yìn òtútù. Ata rodo ló ń fẹ́ ìtọ́jú, nítorí bí ooru ọ̀sán bá ti kọjá 35°C, òdòdó rẹ̀ ń já dànù. Ẹni tó bá wà ní Texas, kó ta aṣọ fẹ́lẹ́ bo orí rẹ̀ láti ọ̀sán lọ, kó sì máa bomi sí i láàárọ̀ kùtù.

Ìbéèrè láti Leeds

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run yóò bùkún yín. Mo rí àwọn ìgbín aláìníkarahun rẹpẹtẹ lẹ́yìnkùlé lẹ́yìn òjò. Kí ni kí n ṣe sí wọn? Ṣé mo sì lè fi irúgbìn ewédú pamọ́ fún ọdún tó ń bọ̀?

Èsì láti London

Ẹ jáde lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ ṣà wọ́n dànù. Alẹ́ ni wọ́n ń jẹ nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ ra oògùn wọn, ẹ wá èyí tó jẹ́ ferric phosphate. Èyí tó ní metaldehyde ti di èèwọ̀ ní ìta láti ọdún 2022, nítorí ó ń pa àwọn ẹyẹ àti ẹranko mìíràn. Ewédú tó wà níta yóò tanná nígbà tí ọ̀sán bá ń kúrú, ṣùgbọ́n òtútù sábà máa ń dé kí èso rẹ̀ tó gbẹ. Nítorí náà, láti oṣù Kẹfà, ẹ ya igi méjì tàbí mẹ́ta sọ́tọ̀ sínú ìkòkò, ẹ má já ewé wọn, kí ẹ gbé wọn wọlé ní oṣù Kẹsàn-án sójú fèrèsé tó ń gba oòrùn. Bí èso náà bá ti gbẹ tó sì dúdú, ẹ fọ́ ọ, ẹ gbọn kóró rẹ̀ sínú àpò ìwé, kí ẹ kọ ọdún sára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibi gbígbẹ.