Ẹ jẹ́ ká pe flexibility ní "ìyíwọ́padà"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè o.

A ń wá orúkọ Yorùbá fún "flexibility" nínú ètò ìpèsè ọjà, ìyẹn ni kí ilé iṣẹ́ lè yí ọ̀nà tó ń gbà rí ọjà padà bí nǹkan bá yí. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ká pè é ní "ìrọ̀rùn". Ẹlòmíì ní "rírọ̀" ló tọ́, torí pankẹ́rẹ́ tó rọ̀ kì í dá. Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí. Ohun tó ń gba owó àti làálàá báyìí, ta ló máa rọ̀ lọ́rùn? Pankẹ́rẹ́ ńkọ́? Tẹ̀ ẹ́, jọ̀wọ́ rẹ̀, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló ń padà sí.

Ẹ wo iná tó sọ nílé iṣẹ́ Philips ní Albuquerque, ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2000. Àrá ló sán lu wáyà iná. Kíá ni wọ́n pa iná náà, àmọ́ èéfín àti omi ti wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣe chip, ẹ̀yà kékeré tó ń mú fóònù ṣiṣẹ́, yàrá tí eruku bíńtín kò gbọdọ̀ wọ̀. Nokia àti Ericsson, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù, ló ń rà á lọ́wọ́ wọn. Nokia sáré wá chip lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn, ó tún àwòrán àwọn chip kan yà kí ilé iṣẹ́ mìíràn lè rí wọn ṣe. Ericsson kò níbi tó lè yà sí. Nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là ló bá a lọ.

Kí ni Nokia ṣe? Ó yíwọ́ padà. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: bí onílù bá yíwọ́ padà, oníjó á yí ẹsẹ̀ padà. Ibẹ̀ ni mo ti mú "ìyíwọ́padà".

Ẹnìkan ta kò mí pé bí ọ̀ràn bá "yíwọ́", ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Òótọ́ ni, mo sì rò ó títí. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: ọ̀ràn ló ń yíwọ́, èèyàn ló ń yíwọ́ padà. Ọjà yíwọ́ ní Albuquerque, Nokia yíwọ́ padà. "Padà" yẹn ló gbé ìtumọ̀ dúró, nítorí náà, ẹ má gé e kúrò.

"Ìfaradà" tí wọ́n tún dá lábàá, nǹkan mìíràn ni. Ẹni tó kó ọjà pa mọ́ lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láì yí ohunkóhun padà. Kí ọjà inú yàrá wá tán, kí ẹ wò ó.

Bí a bá fẹ́ ṣàpèjúwe olùpèsè, "olùpèsè tó lè yíwọ́ padà" ni màá kọ.