"Ibùgbé ẹ̀rọ" kẹ̀? Ta ló ń gbé, ta ló kàn wọ̀ síbẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá lórí títo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì, tí wọ́n pe IP address, nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń rí ara wọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní "ibùgbé ẹ̀rọ". Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, àmọ́ "gbé" yẹn ni mi ò lè gbé mì. Orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ibùgbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiwa. Nọ́ńbà tí à ń wí yìí kọ́.

Tí àlejò bá dé sí Ìbàdàn láyé ìyá bàbá mi, "Ilé ta lo wọ̀ sí?" ni wọ́n máa ń bi í, wọn kì í ní "Níbo lò ń gbé?" Ẹni tó wọ̀ síbì kan ṣì ń lọ. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ará àdúgbò ni.

DHCP, ètò tí ráútà (ẹ̀rọ tó so gbogbo ẹ̀rọ ọ́fíìsì pọ̀) fi ń pín àdírẹ́sì, ńkọ́? Ó ń yá ẹ̀rọ ní nọ́ńbà ni, ó sì ní ìgbà tí àyálò náà máa pé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ lọ́fíìsì wa. Nígbà tó máa dé, ráútà tún nọ́ńbà pín: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní 192.168.1.23 bọ́ sí 192.168.1.31, fóònù ẹnìkan sì lọ jókòó sórí 23. Gbogbo kọ̀ǹpútà ṣì ń darí ìwé sí 23. Akáǹtà pariwo títí ọwọ́ ọ̀sán. Ṣé ibùgbé nìyẹn? Ibùwọ̀ ni! Ẹ̀rọ tí kò tilẹ̀ rí ẹni fún un ní nọ́ńbà kankan, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 ló ń fún ara rẹ̀. Èmi ń pe ìyẹn ní asùn-sọ́dẹ̀dẹ̀.

Ohun tó tán an ni pé a fi ọwọ́ ara wa kọ 192.168.1.200 sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, nọ́ńbà tí kò sí lára èyí tí ráútà ń pín. Ìyẹn ni kí ẹ pè ní "ojúlé", bí a ṣe ń kọ ọ́ sára lẹ́tà: Ojúlé Kẹrìnlá. Ojúlé kì í kó lọ. Ọ̀rọ̀ méjì la nílò: ibùwọ̀ fún èyí tí a yá, ojúlé fún èyí tí kì í yí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, gbogbo ọdún tí ẹ fi kọ́ni ní gírámà kò lè sọ gbé di wọ̀.

Ẹni tó pe MAC address, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fi sára ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ṣe é, ní "oríkì", mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n orúkọ àmútọ̀runwá ló jọ jù: ó ti jẹ́ ẹ láti ilé iṣẹ́ kó tó dọ́dọ̀ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan ti kọ "ìtẹ́wé" lẹ́ẹ̀mẹta níbí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni! Ẹní là ń tẹ́. Míṣọ́nnárì Townsend ń tẹ ìwé ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, kò tẹ́ ẹ fẹ́nikẹ́ni láti sùn lé.

"Ẹnubodè" fún gateway, ibi tí ìsọfúnni ń gbà jáde kúrò nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, dùn mọ́ mi. Àmọ́ "ìbòjú" fún subnet mask? 255.255.255.0 kàn ń sọ ibi tí nọ́ńbà àdúgbò parí tí ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú àdírẹ́sì ni. Ààlà nìyẹn. Ẹni tó ní ìbòjú ni, kó wá fi ojú tí wọ́n bò hàn wá.